Ilé Pupa Lórí Adágún Sorrel

Adágún Sorrel, Káńtì Larkin, Minnesota
Ọjọ́ kẹfà oṣù Dìsẹ́ńbà, 1992

Màmá mi àtàtà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ sì kú òtútù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èyí tí ẹ̀ ń pè ní òtútù ní Louisiana lọ́hùn-ún, ẹ̀wù làwọn ará ibí máa bọ́ fún un. Ṣé ara yín le? Etí yín ńkọ́? Àǹtí Verdie ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń bá Fáda fa ọ̀rọ̀ aago ṣọ́ọ̀ṣì? Ẹ bá mi kí wọn. Ẹ má sọ pé mo ní kí wọ́n fi Fáda sílẹ̀ o.

Mo mọ̀ pé ẹ̀ ń bínú. Láti Ọjọ́ Gbogbo Ẹni Mímọ́ lẹ ò ti rí lẹ́tà mi. Iṣẹ́ ni, Màmá. Afárá pákó tí àwọn olówó ń so ọkọ̀ ojú omi wọn mọ́, gbogbo ẹ̀ la gbọ́dọ̀ tú kúrò nínú adágún kí òtútù ńlá tó dé, tó bá sì ti móoru padà, a ó tún tò wọ́n síbẹ̀. Èmi nìkan ni obìnrin láàárín wa. Ọ̀gá wa kọ́kọ́ rò pé n ó sá lọ lọ́sẹ̀ kìíní. Kò mọ̀ pé ọmọ Alcide Melançon ni mí, pé inú omi ni bàbá mi ti kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kan ìṣó.

Mo gé nǹkan kan nínú ìwé ìròyìn, mo fi sínú lẹ́tà yìí. Ìjọba ti gbé àbájáde ètò ìkànìyàn jáde, wọ́n sì to gbogbo káńtì ìpínlẹ̀ yìí láti orí èyí tó lówó jù. Káńtì Larkin tí mo wà yìí ló gba ipò kìíní nínú owó tó ń wọlé fún agbo ilé! Ṣùgbọ́n tó bá di ọ̀rọ̀ iye tí wọ́n ń ta ilé, Káńtì Brandt tí Nolan ọmọ Àǹtí Verdie wà ló ṣíwájú, àwa ṣe ìkejì. Màmá, ẹ ò rí ìjà nílé kọfí láàárọ̀ ọjọ́ náà. Àwọn àgbàlagbà tí kì í gbóhùn sókè, tó jẹ́ pé bí ilé wọn bá ń jó wọ́n á ní "kò burú jù," àwọn náà ló ń lu tábìlì. Ará Brandt kan ní ilé ẹni ni ọlá ẹni. Ọ̀gbẹ́ni Tveit tó ń ta ìjẹ ẹja dá a lóhùn pé, "Ilé olówó gọbọi yẹn? Gbèsè tí wọ́n kùn lọ́dà ni." Mo rẹ́rìn-ín títí kọfí fi gba imú mi jáde.

Káńtì ni wọ́n ń pe ohun tí àwa ń pè ní párìṣì níbí o. Mo bi obìnrin kan lọ́jọ́ kan pé, "Párìṣì wo lẹ ti wá?" Ó rò pé ìjọ Fáda ni mò ń béèrè, ó ní kí n má bínú, òun kì í ṣe Kátólíìkì.

Ìròyìn tó dùn jù ni mo fi pamọ́ dìgbà yìí. Màmá, mo ti ní ilé lórí adágún! Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ́ ọ. Ó pupa fòò, ó ní fèrèsé méjì, ó ní ààrò kékeré kan tó ń mú un gbóná dáadáa. Níbí, téèyàn ò bá ní ilé lórí adágún, àlejò ni wọ́n ń pè é. Ní báyìí èmi náà ti di ọmọ ìlú. Ó wù mí kí ẹ wá wò ó.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi edé gbígbẹ ránṣẹ́ sí mi, àti ewé tí a ń gún sí ọbẹ̀ gọ́ḿbò. Wọn ò mọ ọbẹ̀ sè níbí. Gbogbo nǹkan ni wọ́n ń da wàrà sí.

Ọmọ yín,
Corinne


Anse Cormier, Louisiana
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Dìsẹ́ńbà, 1992

Corinne,

Mo kí ọ, mo tún kí ọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìkíni ò tọ́ sí ọmọ tó pa ìyá ẹ̀ tì bí aṣọ àkísà.

Ara mi le. Etí mi ti apá òsì ti kú pátápátá, ti apá ọ̀tún ń ṣe bó ṣe wù ú. Mo ti ní kí wọ́n wá gbé fóònù wọn kúrò nílé mi. Kí ni n ó fi ṣe? Kí n máa pariwo "Ta ni? Ta ni?" sí ọ títí owó ẹ á fi tán? Lẹ́tà ni kí o máa kọ.

Ìwé ìròyìn tí o gé yẹn, mo gbé e lọ sí Máàsì. N ò ní purọ́, n ò mọ ohun tí Fáda wàásù lé lórí. Bá a ṣe jáde síta ni mo nà án sí Verdie. Mo ní, "Àbúrò mi, bá mi ka orúkọ tó wà lókè pátápátá yẹn." Ó wọ awò ojú ẹ̀, ó kà á, ó wá fi ìka tẹ ìsàlẹ̀ ibẹ̀. "Sìsí Ozite, ẹ ò kà á tán. Párìṣì Nolan mi nilé ti wọ́n jù. Owó tó wọlé lónìí lè má wọlé lọ́la, ṣùgbọ́n ilé ò ń rìn lọ síbì kankan." Mo ní, "Ṣé Nolan ló ni ilé ọ̀hún?" Ó ní, "Ṣé Corinne ló ni owó ọ̀hún?" Àwọn èèyàn ti ń kóra jọ. Fáda fúnra ẹ̀ dúró, ó ń ṣe bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò.

Ìgbà náà ni mo fà á yọ. Mo ní, "Corinne mi ní ilé lórí adágún. Òun ló kọ́ ọ. Pupa ló kùn ún." Ẹnu Verdie wọhò. Láti kékeré wa, n ò rí i rí kó wá ọ̀rọ̀ tì. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé ìwé orin mi sórí àga.

Wàyí o, gbọ́ mi dáadáa. Ọkùnrin ará Houston kan, Ọ̀gbẹ́ni Bledsoe, ti ń bẹ̀ mí tipẹ́ pé kí n ta ilé yìí fún òun. Ó fẹ́ wó o, kó fi ibẹ̀ ṣe ibi tí àwọn tó ń wá pẹja lópin ọ̀sẹ̀ á máa gbé ọkọ̀ wọn sí. Mo máa ń lé e ni. Ṣùgbọ́n ta ni mò ń bá ṣọ́ ilé? Bàbá rẹ ti kú, ìwọ náà ò sì padà wá mọ́. Nígbà tí lẹ́tà rẹ dé, mo jókòó sí ìloro, mo kà á, mo tún un kà, mo sì mọ ohun tó kàn. Mo ti fún un lọ́rọ̀. Ọjọ́ Mọ́ńdè, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù Jánúárì, la ó fọwọ́ sí ìwé lọ́dọ̀ lọ́yà. Lẹ́yìn ìyẹn, mò ń bọ̀ wá bá ọ gbé lórí adágún nìyẹn.

Sọ fún mi: ṣé okùn lo fi so ó mọ́ igi, àbí òpó lo rì sísàlẹ̀? Ṣé ó máa ń mì bí ọkọ̀ bá kọjá? Ibo lo kọ orí bẹ́ẹ̀dì sí? Dá mi lóhùn gbogbo ẹ̀, má fo ọ̀kan.

Edé ń bọ̀. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, má da wàrà sí i.

Ìyá rẹ,
Ozite


Adágún Sorrel
Ọjọ́ kejì oṣù Jánúárì, 1993

Màmá mi,

Ẹ kú ọdún o, ẹ̀mí yín á ṣe púpọ̀ ẹ̀ láyé. Ọdún dá lẹ́tà yín dúró sọ́nà, òní ló tó tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ẹ dákun, ẹ jókòó kẹ́ ẹ tó ka èyí tó kù.

Ẹ MÁ FỌWỌ́ SÍ ÌWÉ NÁÀ O.

Màmá, n ò ní ilé tẹ́ ẹ lè gbé. Adágún yìí ti dì. Kì í ṣe dídì bíi ti omi inú garawa láàárọ̀ ọjọ́ òtútù, èyí tẹ́ ẹ máa ń fi ìka fọ́. Ó dì gbagidi, débi pé ọkọ̀ akẹ́rù ń rìn lórí ẹ̀. Ọlọ́run gbọ́, n ò parọ́. Tó bá ti dì báyìí, àwọn ará ìlú á wọ́ ilé pákó kéékèèké lọ sórí ẹ̀, wọ́n á dá ihò sínú omi dídì, wọ́n á jókòó nínú ilé yẹn máa pẹja. Ohun tí wọ́n ń pè ní ilé lórí adágún nìyẹn. Pláíwúùdù ni tèmi. Tí mo bá na ọwọ́ mi méjèèjì, wọ́n á kan ògiri lọ́tùn-ún lósì. Kí oṣù Fébúárì tó parí, òfin ní ká wọ́ gbogbo wọn kúrò, torí omi á yọ́, ilé á rì. Mo ti ń bá wọn sọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ni, mo gbàgbé pé ẹ̀yin ò mọ̀. Nígbà tẹ́ ẹ bi mí bóyá okùn ni mo fi so ó, mo kọ́kọ́ rò pé ẹ̀ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni.

Yàrá kan ni mo háyà lókè ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gbẹ́ni Tveit, ó ń rùn fún ìjẹ ẹja. Òótọ́ ni pé káńtì tó lówó jù nibí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń mọ̀ ọ́n. Ńṣe ló dà bí ìgbà tí gbogbo agbo ilé bá tò sórí ìlà, láti orí ẹni tó tálákà jù dé orí ẹni tó lówó jù, tí wọ́n wá wo àpò ẹni tó dúró láàárín gan-an. Àpò ẹni àárín tiwa ló wúwo jù ní ìpínlẹ̀ yìí. Èmi ńkọ́? Èmi ni mo di ìrù ìlà náà mú. Tí n bá ní kí n ra ilé tó kéré jù létí adágún yìí, tí mo ń tọ́jú gbogbo owó iṣẹ́ mi láìjẹun, n ó darúgbó kí n tó ra ilẹ̀kùn ẹ̀. Àwọn tó ń kọ́ ọmọ wọn níwèé àtàwọn tó ń tọ́jú aláìsàn wọn, láti káńtì mìíràn ni wọ́n ti ń wakọ̀ wá láràárọ̀.

Ojú ń tì mí. Kì í ṣe nítorí ilé mi; mo fẹ́ràn ilé mi. Ohun tó ń tì mí lójú ni pé ẹ ti sọ ọ́ fún gbogbo ìjọ. Ó ṣe mí bíi kí n pe Àǹtí Verdie lórí fóònù kí wọ́n bá mi sọ fún yín, ṣùgbọ́n gbogbo Anse Cormier á ti gbọ́ tán kí wọ́n tó wọ bàtà láti wá bá yín.

Màmá, Bàbá ló kọ́ ilé yẹn. Wọ́n gé igi ẹ̀ fúnra wọn nínú irà, igi tí ikán ò lè jẹ. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n wó o nítorí ọ̀rọ̀ kan tí mo sọ láìronú. Tí ilé yẹn bá lọ, kò síbi tẹ́ ẹ máa forí lé, n ò sì ní síbi tí mo lè kó yín sí. Ẹ fèsì kíákíá.

Ọmọ yín tí ọkàn ẹ̀ ò balẹ̀,
Corinne


Adágún Sorrel
Ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Jánúárì, 1993

Màmá,

Ẹ kú ilé. N ò rí èsì kankan. Gbogbo ìgbà tí ẹni tó ń pín lẹ́tà bá dé ni mò ń sáré sọ̀kalẹ̀, ó ti ń sá fún mi báyìí.

Ṣé ẹ̀ ń bínú ni? Tó bá jẹ́ pé ẹ̀ ń bínú, ẹ bínú tọwọ́tẹsẹ̀, ẹ bú mi, mo gbà. Ẹ ṣáà má fọwọ́ sí i. Ṣé ara yín ò yá ni? Ṣé lẹ́tà mi ò dé ni? Mo ti bẹ ọ̀gá mi kí n wá, ó ní bí mo bá lọ lásìkò yìí kí n má padà. Mo sì ń rò ó.

Nolan wá síbí lọ́jọ́ Àìkú. Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún un. Ó fọwọ́ bo ojú, ó ní, "Corinne, Àǹtí Ozite á pa ẹ́." Lẹ́yìn náà ló wọ inú ilé pupa mi, ó jókòó ti ihò, kò sì kúrò níbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ó ní ọkàn òun ò tíì balẹ̀ báyìí rí láti ọjọ́ tí òun ti dé ìpínlẹ̀ yìí.

Mo fi lẹ́tà yìí ránṣẹ́ lọ́nà tó yá jù. Mo bẹ̀ yín, Màmá mi, mo kúnlẹ̀.

Corinne


Anse Cormier
Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù Jánúárì, 1993

Corinne ọmọ mi,

Mo kí ọ. Lẹ́tà méjèèjì dé. Àkọ́kọ́ ti dé tipẹ́. Mo kọ̀ láti dá ọ lóhùn ni, torí inú bí mi, tínú bá sì bí mi lẹ́tà mi kì í ṣeé kà.

O rò pé ilé aláràbarà ni mò ń wá. Èmi Ozite! Ta ni mo jọ lójú rẹ? Ṣé o ti gbàgbé ibi tí wọ́n bí mi sí ni? Inú ilé ojú omi ni wọ́n bí èmi àti Verdie sí, nínú irà ńlá Atchafalaya, nígbà tí bàbá wa ń pẹja. Ilé náà léfòó. Bí ẹja bá ti kúrò níbì kan, bàbá wa á tú okùn, ilé á tẹ̀ lé ẹja. Yàrá méjì, àwa rẹpẹtẹ. Mo ti gbọ́njú dáadáa kí n tó sùn nínú ilé tí kì í mì, n ò sì tíì sùn dénú láti ọjọ́ náà. Nígbà tí o kọ ọ́ pé ilé lórí adágún, ohun tí mo rí nìyẹn: ilé tó léfòó, tí wọ́n fi okùn so mọ́ igi. Ìdí tí mo fi béèrè okùn nìyẹn, ìwọ olórí kunkun. Verdie àtàwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ló ń rí gíláàsì àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ olókùúta. Èmi fẹ́ kí omi tún gbé mi sùn lẹ́ẹ̀kan kí n tó kú. Ẹkún ni mo sun nígbà tí mo kà á pé omi náà ti di òkúta.

Mo sun ún tán, mo nu ojú. Mo wo òkè, mo rí àjà tí bàbá rẹ kàn, mo ní háà, Ozite, orí rẹ dà rú ni? O fẹ́ fi ilé ẹni tó fẹ́ ọ sílẹ̀ fún wọn kí wọ́n wó o, kí wọ́n máa gbé ọkọ̀ sórí ibi tí o bí ọmọ sí? Ṣùgbọ́n mo ní n ò ní ránṣẹ́ sí Bledsoe pé n ò tà á mọ́. Ojúkojú la ó jọ sọ ọ́.

Lánàá, mo wọ aṣọ tí mo fi ń lọ síbi ìsìnkú, èyí tó dúdú yẹn, mo lọ sọ́dọ̀ lọ́yà. Verdie bá mi lọ. Ó dé fìlà ọdún Àjíǹde ẹ̀, èyí tí wọ́n lẹ ẹyẹ mọ́ lórí. Bledsoe ti jókòó, ó ń rẹ́rìn-ín, bíírò ti wà lọ́wọ́ ẹ̀. Lọ́yà ní, "Mà, kí n kọ àdírẹ́sì yín tuntun síbí yìí." Mo ní, "Kò ní àdírẹ́sì. Orí omi dídì ló wà. Ìparí oṣù tó ń bọ̀, wọ́n á fi ọkọ̀ wọ́ ọ lọ."

Mo wá ṣàlàyé gbogbo ẹ̀: pláíwúùdù, ihò, ìjẹ ẹja, ìrù ìlà. Mi ò fi nǹkan kan pamọ́. Mo ti mọ̀ pé ọjọ́ tí Verdie ti ń retí láti àárọ̀ ọjọ́ ayé ẹ̀ ló dé yìí, mo sì ti múra sílẹ̀ fún un. Àfi bí Bledsoe ṣe bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Nítorí náà, párìṣì tó lówó jù ní gbogbo ìpínlẹ̀ yẹn, inú àpótí ni ọmọ yín ń gbé?"

Corinne, Verdie dìde. Ẹyẹ orí fìlà ẹ̀ ń gbọ̀n. Ó ní, "Kí lò ń fi rín? Ìwọ, ilé tí ò ń gbé ní Houston, ta ló kọ́ ọ? Báǹkì ńkọ́, ṣé wọ́n ti fún ọ ní kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ pátápátá?" Ọkùnrin yẹn ń wo lọ́yà. Verdie ò dúró gba èsì. "Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fọwọ́ ara ẹ̀ kọ́ ilé. Kò jẹ ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀ lórí ẹ̀. Nínú gbogbo àwọn olówó párìṣì yẹn, mélòó ló lè sọ bẹ́ẹ̀? Ẹ tò wọ́n sórí ìlà kí ẹ wá fi ìyẹn wọ̀n wọ́n, ká wo ẹni tó máa wà níwájú!" Ó wá yíjú sí mi. "Sìsí, ẹ fún un ní bíírò ẹ̀. Ilé ń dúró dè wá."

Mo fún un ní bíírò ẹ̀. Mo ní, "Ó dàbọ̀ o." A jáde. Mo ń rìn bí ọmọge.

Nínú ọkọ̀, Verdie ṣí fìlà ẹ̀, ó gbé e lé ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, "Nolan náà, yàrá abẹ́ ilé onílé kan ló háyà. Mo ti mọ̀ tipẹ́." Mo ní kò burú. Ó wá bi mí jẹ́jẹ́, bí ìgbà tí a wà lọ́mọdé, pé, "Sìsí, ilé Corinne yẹn, ṣé ó ń mì?" Mo ní n ò mọ̀. Ó ní, "Kí la wá ń ṣe níbí?"

Torí náà, a ti ra tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì. Ọjọ́ kẹtàlá oṣù Fébúárì la máa dé. Bẹ́ ẹ bá wọ́ ilé yẹn kúrò lórí adágún kí n tó dé, ìwọ àti òfin yín lẹ máa jọ dá mi lóhùn.

Ìyá rẹ tó ṣì ní ilé,
Ozite


Adágún Sorrel
Ọjọ́ kìíní oṣù Fébúárì, 1993

Màmá mi, Màmá mi, Màmá mi!

Ẹ kú iṣẹ́ o! Mo ka lẹ́tà yín lórí àtẹ̀gùn, mo jókòó síbẹ̀, mo sunkún, mo rẹ́rìn-ín. Ọ̀gbẹ́ni Tveit sáré jáde, ó rò pé èèyàn kú. Mo kà á fún un. Nígbà tí mo dé ibi tí Àǹtí Verdie ti dìde, ó bọ́ fìlà ẹ̀. Ó ní òun fẹ́ bọ obìnrin yẹn lọ́wọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó gbogbo aṣọ tẹ́ ẹ ní. Ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ lé ìbọ̀sẹ̀. Bàtà Máàsì ò lè ṣe nǹkan kan níbí, Nolan á mú bàtà òtútù wá pàdé yín níbùdókọ̀. Ó ní òun á gba àyè lẹ́nu iṣẹ́, bó bá le kí wọ́n lé òun. Mo ti kan àga gígùn méjì sínú ilé náà, ọ̀kan lápá ibí, ọ̀kan lápá ọ̀hún, kẹ́ ẹ lè nà sí i. Èmi á dúró síta tí kò bá sáyè.

N ò fẹ́ tàn yín o. Kì í mì, Màmá. Omi dídì ni. Adágún náà kàn máa ń ké ni, bí ẹni tí inú ń run. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ ọ, ẹ má bẹ̀rù.

Ẹ kó edé wá.

Ọmọ yín tí inú ẹ̀ ń dùn,
Corinne


Anse Cormier
Ọjọ́ keje oṣù Màáṣì, 1993

Corinne mi,

A délé láyọ̀. Ara mi le, ara Verdie le, àfi imú ẹ̀ tó ṣì ń pupa. Kí o bá mi kí Nolan, kí o sì bá mi kí Tveit. Sọ fún un pé Verdie ò tíì fọ ọwọ́ tó fẹnu kò yẹn. Verdie ní kí n má kọ bẹ́ẹ̀. Mo ti kọ ọ́.

Irọ́ lo pa fún mi. O ní ilé náà kì í mì. Ọjọ́ tí adágún ké, tí Verdie di rósárì mú, tó ní ayé ti parí, ṣé o rí mi? Ohùn yẹn wọlé sí mi láti àtẹ́lẹsẹ̀, torí etí mi ò gbọ́ ọ. Pákó gbọ̀n lábẹ́ mi rìrì. Mo mọ̀ pé omi ni, pé ó wà níbẹ̀, pé kò kú. Mo dojú kọ ògiri, mo sì sùn bí ọmọ ọwọ́, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti sọ wá kalẹ̀ sórí ilẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Ohun tí mo fẹ́ kí n tó kú, mo ti rí i gbà.

Mo ṣì ń rẹ́rìn-ín baba tó ti ilé onígíláàsì létí adágún rìn wá bá wa. Ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti ń wo ilé pupa yẹn láti ojú fèrèsé, ṣùgbọ́n òun ò gbé ẹsẹ̀ lé orí adágún yẹn rí láti ìgbà tí òun ti ra ilé òun. Ó jẹ gọ́ḿbò mi, omi ń dà lójú ẹ̀ nítorí ata, ó ń sọ pé "kò burú jù, kò burú jù," ó sì tún ń na abọ́ sí mi. Olówó àkọ́kọ́ tí mo máa ṣàánú nìyẹn.

Mo ti lọ bá lọ́yà. Mo kọ orúkọ rẹ sínú ìwé ilé yìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Má bá mi jiyàn. Tó o bá wálé lọ́dún tó ń bọ̀, kí o wá kun ìta ẹ̀, kó o sì kùn ún ní pupa.

Verdie ti kó ẹrù ẹ̀ wá síbí. Ó ní ilé òun dákẹ́ jù. A máa ń jà láàárọ̀, a sì máa ń jọ mu kọfí lọ́sàn-án.

Bledsoe ò wá fúnra ẹ̀ mọ́. Lọ́jọ́ Túsìdeè ló rán ọmọkùnrin kan wá, bàtà ẹ̀ ń dán, kò mọ nǹkan kan nípa wa. Mo wà nídìí ààrò, Verdie ló lọ ṣílẹ̀kùn. Ọmọ náà ní iye tuntun ti wà, pé kí ẹ̀yin ìyá rò ó dáadáa, owó yìí á gbé yín dé ibi tó sàn ju ibí lọ. Mo ń wo ẹnu ẹ̀ kí n lè mọ ohun tó ń sọ.

Verdie tún ṣáálì ẹ̀ ṣe. Ó ní, "Ibo ló tún sàn ju ibi tá a ti ń bọ̀? A ṣẹ̀ṣẹ̀ ti párìṣì tó lówó jù ní Minnesota dé ni. Corinne wa ló ni ilé lórí adágún níbẹ̀. Èyí tí ò ń wò yìí, òun náà ló ni ín. Kò sí èyí tí ẹnikẹ́ni lè gbà lọ́wọ́ ẹ̀."

Ọmọ náà wo ìloro, ó wo Verdie, ó wo èmi pẹ̀lú ṣíbí lọ́wọ́ mi. Ó yọ fìlà ẹ̀. Ó ní, "Ẹ má bínú, Mà. N ò mọ̀ pé ẹ lówó tó bẹ́ẹ̀."

Verdie ní, "O ò bi wá ni," ó sì pa ilẹ̀kùn dé.

Ìyá rẹ,
Ozite Melançon